Bí mo ṣe tẹ ìwé àwòrán Lísàbí jáde ní Abẹ́òkúta

Ojú ewé 16 ni mo fi ìwé náà mọ. Ìtàn náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwé tí wọn yóò fi píìnì gán láàárín, ojú ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin mẹ́rin, torí pépà kan tí a bá ṣẹ́ po sí méjì, ojú mẹ́rin ló ní. 12 kò lè gba ohun tí mo fẹ́ sọ, 20 á sì tún dá kún owó ìtẹ̀wé. Olùkọ́ ni mí ní ọ̀sán, ní Ìbarà. Alẹ́ àti Sátidé ni mo fi ń yàwòrán, inú owó oṣù olùkọ́ náà ni owó ìtẹ̀wé sì ti ń jáde. Fún ìdí èyí, dúdú lórí funfun ni gbogbo inú ìwé, èèpo ẹ̀yìn nìkan ló ní àwọ̀.

Ìtàn Lísàbí, akọni tó gba àwọn Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ni mo mú, torí pé ó rọrùn láti tò sínú àpótí àwòrán. Àwọn Ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ ọba tí Aláàfin Ọ̀yọ́ fi sí ìlú Ẹ̀gbá, ń ni àwọn ènìyàn lára. Lísàbí kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ aárọ̀, wọ́n ń bá ara wọn roko yípo, títí tó fi kan oko Lísàbí fúnra rẹ̀. Ọjọ́ yẹn, bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, ló sọ fún wọn pé kì í ṣe ebè lòun fẹ́ kí wọ́n bá òun kọ. Kí ni ayàwòrán tún ń wá? Àṣírí wà níbẹ̀, ìyà wà níbẹ̀, ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin tó gbé ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́ náà wà níbẹ̀.

“Olúmọ dà?” Ìbéèrè tí gbogbo ọ̀rẹ́ mi tó kọ́kọ́ rí i ń bi mí nìyẹn. Kò sí Olúmọ níbẹ̀ o. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ wá tẹ̀dó sábẹ́ àpáta yẹn, Lísàbí sì ti kọjá lọ tipẹ́tipẹ́ kó tó dìgbà náà. Inú igbó Ẹ̀gbá ló gbé, níbi tí ìlú kéékèèké wà káàkiri kí ogun tó tú wọn ká. Ẹni tó bá ya àpáta Olúmọ sẹ́yìn Lísàbí ti kó ìgbà méjì pọ̀. Mo mọ̀ pé àwòrán tó ní Olúmọ nínú á tà ju èyí lọ, àmọ́ ọmọ ilé ìwé ló máa rà á, n kò sì fẹ́ kọ́ wọn ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ ní alẹ́ lẹ́yìn tí mo ti kọ́ wọn ní ọ̀sán.

Ohun tó ṣe mí láǹfààní jù nínú ìtàn ni irun àwọn Ìlàrí. Apá kan orí ni wọ́n máa ń fá, wọn á dá apá kejì sí. Fún ẹni tó ń yàwòrán, oúnjẹ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Bí mo tilẹ̀ ya Ìlàrí kan níwọ̀n èékánná ọmọdé, lókèèrè réré lójú ọ̀nà oko, òǹkàwé á dá a mọ̀ kó tó ka ọ̀rọ̀ kankan.

Kí n tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù, mo kó àpótí ìwé àtijọ́ mi sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó wọn jọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Kútọ̀ àti Sàpọ́n, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kílò ra pépà àtijọ́ tà fún àwọn alákàrà. Àwọn wọ̀nyí ni kẹ́ ẹ tètè bá dọ́rẹ̀ẹ́, torí bí ẹ bá pẹ́ dé, ẹ ó bá ohun tí ẹ ń wá lára àkàrà. Ìwé Atọ́ka ló pọ̀ jù nínú àpótí náà. Kì í ṣe yíyà ni wọ́n ń yà á: fọ́tò àwọn òṣèré ni wọ́n ń tò tẹ̀ léra, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sójú fọ́tò. Ikebe Super, ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí Wale Adenuga dá sílẹ̀ lọ́dún 1976 náà wà níbẹ̀. Mo tún ní ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú Powerman, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún ọjà Nàìjíríà lọ́dún 1975. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ló ń yà á, kí orúkọ wọn tó di ńlá lágbàáyé. Ẹ̀dà tèmi ti ya lẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò ní fi ṣe pàṣípààrọ̀ ọ̀kadà.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ìwé báyìí nílé, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á sì jẹ pépà náà. Ẹ má ṣe lámínéètì sí i pẹ̀lú. Píìnì tó ti dípẹtà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ká sókè, kẹ́ ẹ rọra fà á yọ, kẹ́ ẹ wá fi òwú funfun rán an padà sí ojú ihò kan náà. Ẹ tò wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n má fara kan ògiri, kí àpótí náà sì ga kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ lára Atọ́ka ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá pọ̀. Àwa kì í wọlé ká kàn sọ pé “Ó ti ṣẹlẹ̀.” A óò kí ara wa, a óò béèrè ará ilé, a óò fi òwe ṣíwájú, kí ọ̀rọ̀ gan-an tó jáde. Nínú àwọn ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi, àwọn tó ya fọ́tò ti mọ èyí, torí náà wọ́n máa ń fi àyè gbalasa sílẹ̀ lókè orí òṣèré. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayàwòrán lónìí, àwòrán ni wọ́n ń yà tán pátápátá, wọ́n á wá máa wá ibi tí wọ́n máa há ọ̀rọ̀ mọ́. Níbi tí mo dúró sí nìyí: ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ gbogbo ojú ewé mẹ́rìndínlógún sínú ìwé àkọsílẹ̀, mo ka ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan sókè, mo gé èyí tó gùn, kí n tó fa ìlà àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ló wá ń pàṣẹ fún àwòrán. Ẹ wo ìkíni. Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà, òsì sí ọ̀tún la sì ń kàwé. Ẹni tó bá wà ní òsì lọ̀rọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ dé etí òǹkàwé. Nítorí náà, níbikíbi tí ọmọdé bá ti bá àgbà pàdé nínú ìwé mi, ọmọdé ló ń wọlé láti òsì, tó dọ̀bálẹ̀, tí àgbà jókòó sí ọ̀tún. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti yí i: níbi tí ọ̀dọ́ Ìlàrí kan ti dojú kọ àgbà àgbẹ̀. Ìlàrí ló wà ní òsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dúró gbagidi, òun ló sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, láìkí ẹnikẹ́ni. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ya aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́tà náà ló gba ọgbọ́n jù. Nínú ìwé àwòrán àwọn ará Amẹ́ríkà, lẹ́tà ńlá ni wọ́n sábà máa ń lò látòkè délẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dán ìyẹn wò pẹ̀lú Yorùbá, àmì ohùn á máa gun orí ìlà òkè, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ á máa kọ lu orí ìlà ìsàlẹ̀. Lẹ́tà kékeré ni mo lò, torí àyè wà lórí a, e àti o kékeré tí àmì lè jókòó sí. Orí pépà A4 ni mo ti yà á, A5 sì ni ìwé náà máa jẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan á sún kì sí nǹkan bí 71 nínú 100. Lẹ́tà tí mo kọ ní mílímítà 4 á di nǹkan bíi 2.8. Mo fi rúlà fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, mílímítà 4 fún lẹ́tà, mílímítà 4 mìíràn fún àlàfo láàárín ìlà kan sí èkejì, kí àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ má baà jà. Àmì abẹ́ náà, mi ò fi í ṣe tóótòòtó. Ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni mo fà, bí àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó, torí tóótòòtó a máa pòórá bí ìwé bá ti sún kì.

Ọwọ́ ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ àti ọ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Àmì ohùn ni a ń gbé ka orí wọn lọ́tọ̀, bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà kò bá sì ro ti Yorùbá, àmì á lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́. Fọ́ǹtì Noto àti Gentium ń gbé e dáadáa, ìyẹn ni mo sì fi tẹ ojú ewé tí orúkọ mi àti ọdún wà. Àmọ́ kò sí èyí tó jọ ohùn ènìyàn nínú méjèèjì.

Bírò ẹlẹ́nu tínínrín tí íǹkì rẹ̀ kì í tàn nínú omi ni mo fi fa ìlà, búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi kun ibi tó dúdú. Ti òjìji àti ojú ọ̀run ló mú mi gba Ìtòkú lọ. Aládìrẹ ni ẹ̀gbọ́n màámi níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn páànù àtijọ́ tí wọ́n ti gé ọnà sí lára, èyí tí wọ́n máa ń gbé lé aṣọ kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ ra á. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá mi ní ọ̀kan. “Kí lo fẹ́ fi ṣe? Pépà lo fẹ́ pa láró?” Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní èyí tó ní ọnà wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Mo gbé e lé pépà, mo ti fóòmù kékeré bọ íǹkì, mo fún un títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, mo wá ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ sójú ihò. Bí fóòmù bá tutù jù, íǹkì á sá gba abẹ́ páànù. Bó bá gbẹ dáadáa, ọ̀run alẹ́ oko Lísàbí á yọ bí aṣọ Ìtòkú. Àwòrán tí inú mi dùn sí jù nínú ìwé náà nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, mo fi skánà gba ojú ewé kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà ní 600 dpi, ìyẹn tóótòòtó 600 nínú ínǹṣì kan, torí 300 tó fún fọ́tò, ṣùgbọ́n ìlà dúdú tínínrín á ṣe gúnnugùnnu níbẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní GIMP ni mo fi nu ìlà pẹ́ńsù kúrò, ọ̀fẹ́ ni. Ìgbà tí iná bá wà ni mo ń ṣe é, ẹ sì mọ bíyẹn ṣe ń rí.

Kí n tó gbéra lọ sílé ìtẹ̀wé, mo mú pépà mẹ́rin, mo ṣẹ́ wọn po, mo kọ nọ́ńbà 1 dé 16 sí i lára. Bẹ́ ẹ bá tú u, ẹ ó rí i pé 16 àti 1 ló wà lójú kan, 2 àti 15 wà lẹ́yìn wọn. Ojú ewé méjì tó bá wà pọ̀ á máa jẹ́ 17 bí ẹ bá ro wọ́n pọ̀. Àárín gbùngbùn ni 8 àti 9, ibẹ̀ nìkan sì ni àwòrán ti lè kọjá láti ojú ewé kan sí èkejì láìsí pé pépà gé e. Oko aárọ̀ ni mo gbé síbẹ̀: gbogbo ọkùnrin náà tò lórí ebè, Lísàbí ga láàárín wọn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan.

Nílé ìtẹ̀wé tí mo kọ́kọ́ lọ, ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ṣí fáìlì mi, gbogbo àmì ohùn ojú ewé àkọ́kọ́, èyí tí mo fi kọ̀ǹpútà tẹ̀, di àpótí òfìfo. Ó gbójú sókè, ó ní, “Tíṣà, àmì yìí ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká yọ wọ́n.” Ìlú tí míṣọ́nnárì Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn lédè Yorùbá lọ́dún 1859 ni a wà o! Mo kó ẹrù mi. Ní ibòmíràn, bàbá àgbàlagbà kan ló ni ẹ̀rọ. Mo ti sọ lẹ́tà náà di àwòrán nínú PDF kó má baà sí ohun tí kọ̀ǹpútà wọn máa pààrọ̀. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà, bó ṣe wà yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣí i nínú ètò Corel.” Bàbá fọwọ́ ra pépà tí mo mú, wọ́n ní gíráàmù 80 á jẹ́ kí dúdú yọ sẹ́yìn, kí n lo 100. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ká wò ó ná. A kà á pa pọ̀, bàbá ń ka ti Ìlàrí sókè pẹ̀lú ohùn gọbọi, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn dá iṣẹ́ dúró. Ìgbà náà ni wọ́n tó tan ẹ̀rọ sórí ìyókù.

Ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n màámi ló ń tà á báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrẹ, torí àwọn tó bá gun Olúmọ sọ̀ kalẹ̀ sábà máa ń gba Ìtòkú kọjá. Mo rò pé àwọn ọmọ ilé ìwé ló máa rà á jù. Àwọn bàbá ló ń rà á. Wọ́n á dúró kà á tán níbẹ̀, wọ́n á bá ẹ̀gbọ́n màámi jiyàn pé kì í ṣe báyìí ni bàbá àwọn ṣe sọ ọ́, wọ́n á sì san owó. Ẹ̀gbọ́n màámi ti ní kí n máa wá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kí n máa dá wọn lóhùn fúnra mi, torí àwọn ní ọjà láti tà.