Ẹ Má Fi Àyà Tó Ń Lù Kì-kì Ra Ilẹ̀ ní Àkúrẹ́

Iṣẹ́ mi ni kí n bá ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó, owó tí mo sì ń rí tó ń ṣòfò ní Àkúrẹ́ yìí ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ ìwé àti ẹlẹ́rìí, ẹ ti mọ ìyẹn. Ara yín ni mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀.

1. Ẹ má fi ebi lọ dúnàádúrà. Ẹni tí ebi ń pa lè gba iyekíye kó ṣáà lè lọ jẹun.

2. Ẹ má sanwó fún ẹni tó ní kí ẹ gbé tíì gbígbóná lé onílẹ̀ lọ́wọ́ kó lè rọ̀ fún yín. Ìwádìí kan ti 2008 ni wọ́n ń gbé kiri, tó ní ẹni tó bá di kọ́fí gbígbóná mú á ka ẹlòmíràn sí ọlọ́yàyà. Àwọn mìíràn fi èèyàn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tún un ṣe, wọ́n gbé e jáde ní 2019, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

3. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ẹ́jẹ́ǹtì á gbé yín sórí ọ̀kadà, ẹ ó gba ọ̀nà tí àgbàrá ti wó, àyà yín á máa lù kì-kì. Ẹ dé orí òkè, atẹ́gùn fẹ́ sí yín, ẹ wá ní, "Ara mi ti gba ilẹ̀ yìí." Rárá o! Ọ̀kadà ló já yín láyà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1974, Dutton àti Aron, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ní kí obìnrin kan máa fún àwọn ọkùnrin ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lórí afárá Capilano tó ń mì ní Kánádà. Nínú 18 tó gbà á, 9 ló pè. Lórí afárá tó dúró gbọn-in, 2 péré nínú 16 ni. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn ọkùnrin náà ka ìbẹ̀rù sí ìfẹ́.

Mo bá màmá kan lọ sí ẹ̀yìn Ọ̀bà-Ilé. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ìwé yìí dé ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbáká, ká mọ̀ bóyá ìjọba ti gbà á." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ara mi ti yá síbẹ̀." Wọ́n sanwó lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ìjọba ni. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ni, wọ́n ṣì ń lé e kiri.

Ẹ tún ṣọ́ ẹnu ẹ́jẹ́ǹtì. Tó bá ti ní "bí àkàrà gbígbóná ni ilẹ̀ ibí ń tà", ẹsẹ̀ yín á ti fẹ́ sáré. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ilẹ̀ tán kó tó di ọ̀la.

Ẹ má fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù lọ́jọ́ tí ẹ wo ilẹ̀. Tí àyà bá ti balẹ̀, ẹ padà lọ, ẹ rin igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, kí ẹ bi àwọn ará àdúgbò léèrè ibi tí àgbàrá ń gbà tí òjò bá rọ̀.