Owó lẹ́tà ti yí padà: ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi sítáǹpù àtijọ́ ṣe

Bí owó lẹ́tà bá ti lọ sókè, àwọn kan á ní sítáǹpù inú dúrọ́ọ̀ ti kú nìyẹn, wọ́n á kó o dànù. Ẹlòmíì á lẹ ẹyọ kan mọ́ lẹ́tà bó ṣe ń ṣe látẹ̀yìnwá, á jù ú sínú àpótí, á wá máa retí èsì. Àwọn méjèèjì ló ṣì í ṣe. Iye tí wọ́n kọ sójú sítáǹpù ni pósófíìsì ń kà. Ti ₦50 kò lè di ₦100 torí pé owó lẹ́tà wọ́n sí i, kò sì di òfo.

Ẹ má fojú díwọ̀n lẹ́tà. Ẹ gbé e lọ sí káńtà ní pósófíìsì Àgbádárìgì, kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́jọ́ náà gan-an. Ká ní wọ́n pè é ní ₦200, tí ẹ sì ní ₦50 méjì àti ₦20 mẹ́ta lọ́wọ́. ₦160 nìyẹn, ₦40 péré lẹ máa rà kún un. Bí ẹ bá ra ₦20 méjì, sítáǹpù méje ló máa jẹ́ lápapọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ jù ni lílẹ̀ rẹ̀. Sítáǹpù méje lójú àpò lẹ́tà kékeré kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè lápá ọ̀tún, kí ẹ máa bọ̀ sápá òsì, kí ẹ tó kọ àdírẹ́sì. Bí ọ̀kan bá gun orí èkejì tó sì bo iye rẹ̀, wọn ò ní ka èyí tó wà lábẹ́. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù bò ó, torí yíǹkì òǹtẹ̀ kì í mú lórí rẹ̀, wọ́n sì lè rò pé ẹ fẹ́ nù ún kúrò. Sítáǹpù náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: lẹ́tà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 20 gíráàmù lè kọjá ààlà bí ẹ bá lẹ méje mọ́ ọn. Ẹ kó sítáǹpù lé e kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Lẹ́tà òkè òkun tí owó rẹ̀ kò pé ni wọ́n ń kọ "T" sí lára, ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí sì lè wá di onígbèsè.

Ọ̀rinrin ọ̀sà máa ń mú kí sítáǹpù lẹ̀ mọ́ra. Ẹ má fà á ya. Ẹ rì í sínú omi tútù títí wọ́n á fi tú, kí ẹ dojú wọn dé bébà funfun kó gbẹ, kí ẹ sì fi ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti lọ, nítorí náà iwájú òṣìṣẹ́ ni kí ẹ ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kó má baà rò pé ara lẹ́tà ẹlòmíì lẹ ti yọ ọ́. Ìwà ọ̀daràn ni kéèyàn fọ òǹtẹ̀ kúrò kó lè tún sítáǹpù lò.

Ẹni tó ń gba Sèmè lọ sí Kútọnu kò gbọ́dọ̀ lẹ sítáǹpù Nàìjíríà kó wá fi lẹ́tà ránṣẹ́ níbẹ̀. Sítáǹpù orílẹ̀-èdè tí lẹ́tà ti gbéra lẹ máa lò.

Àwọn sítáǹpù kan wà tí kò ní iye lójú. Èyí tí Amẹ́ríkà ń pè ní Forever, tó jáde lọ́dún 2007, ń bá owó lẹ́tà gòkè ni. Ti ìlú Ọba fẹ́ àkíyèsí bí ẹ bá ń fi í sínú lẹ́tà fún èsì: àwọn tó jẹ́ pé àwòrán orí ọbabìnrin lásán ló wà lójú wọn, tí kò sì ní bákóòdù, kò ṣeé lò mọ́ lẹ́yìn 31 oṣù Keje ọdún 2023. Àwọn tí wọ́n tẹ àwòrán pàtàkì mìíràn sí lójú ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ní ti sítáǹpù tọ́rọ́ àti sísì ayé owó ṣílè, tí wọ́n kọ 3d àti 6d (pẹ́nì mẹ́ta àti pẹ́nì mẹ́fà) sí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. 1 oṣù Kìíní ọdún 1973 ni náírà gba ipò wọn, ṣílè mẹ́wàá sí náírà kan. Kọ́bọ̀ márùn-ún ni sísì. Bí a bá tiẹ̀ ní wọ́n máa kà á, ẹgbàajì rẹ̀ lẹ máa lẹ̀ kó tó pé ₦200! Àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ ló ń wá irú rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ "Lagos" sí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lọ́dún 1874, ẹ má fi omi kàn án, ẹ má sì gé e kúrò lára àpò lẹ́tà rẹ̀.