Windows 7 tó kọ update: bí ẹ ó ṣe tún un ṣe láìná dátà lásán

Ẹ wọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lágbègbè Ọlá-Ìyá tàbí Òkè-Fìà ní Òṣogbo, ẹ ó ṣì bá Windows 7 lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé. Kò yani lẹ́nu. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè má ní driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́) fún Windows tuntun, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ní RAM 2GB á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ Windows 10. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó fi Windows 7 ọ̀hún sí i lo CD ọdún 2009, kò sì fi nǹkan kan kún un mọ́. Ni sáìtì bá ń kọ̀ láti ṣí, ni Windows Update bá ń wá nǹkan láti àárọ̀ dalẹ́ tí kò rí i.

Microsoft kò ṣe update fún Windows 7 mọ́ láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń sanwó fún àfikún, tiwọn náà parí ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 2023. Ohun tí a ń wá báyìí ni àwọn tó ti jáde kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí catalog.update.microsoft.com. Bí wọ́n bá kọ̀ láti wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́ rárá: ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni àwọn update wọ̀nyí, bí àbúrò bá fẹ́ wọlé ṣáájú ẹ̀gbọ́n, Windows á dá a padà.

Kí ẹ tó gba fáìlì kankan

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ `winver`, ẹ tẹ Enter. Bí ẹ bá rí Build 7600, Service Pack 1, ìyẹn àkójọ update ńlá tí gbogbo ìyókù dúró lé, kò sí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 7601, ó ti wà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún mouse tẹ Computer, ẹ yan Properties, ẹ wo System type bóyá 32-bit ni tàbí 64-bit. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fáìlì 64-bit kò lè wọ Windows 32-bit láéláé, ohun tó sì máa sọ ni "The update is not applicable to your computer", tí èèyàn á fi rò pé fáìlì ló bàjẹ́, á tún lọ gba ìyẹn kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wo aago. Bí ọjọ́ bá ń padà sí ọdún tó ti kọjá lọ nígbàkígbà tí iná bá lọ, bátìrì kékeré orí motherboard ló ti kú. CR2032 ni nọ́ńbà rẹ̀, fóltì 3 ni. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, ẹ ṣí ìdérí, ẹ fi èékánná ti irin pẹlẹbẹ tó dì í mú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bátìrì á fò sókè fúnra rẹ̀. Ojú tí wọ́n kọ + sí ni kó kọjú sókè nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i. Ẹ wọ BIOS (ojú ìṣètò tó máa ń ṣí kí Windows tó bẹ̀rẹ̀) kí ẹ tún ọjọ́ ṣe, kí ẹ sì yan UTC+01:00, West Central Africa nínú Windows. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà o. Ìwé ẹ̀rí ààbò tí sáìtì ń fi han kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Kọ̀ǹpútà tó bá gbà pé ọdún 2009 la ṣì wà á ní ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á sì gbé nọ́ńbà àṣìṣe 80072F8F jáde.

Lẹ́yìn aago, àyè. Fáìlì Service Pack 1 tí ẹ bá gbà fúnra yín nílò àyè 4.1GB lórí drive C fún 32-bit, 7.4GB fún 64-bit. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ní tó bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ju pé gbogbo iṣẹ́ oníbàárà wà lórí Desktop: fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà, ìwé tí wọ́n scan. Drive C náà ni Desktop wà. Ẹ kó wọn lọ sí D, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà wọn sórí hard disk mìíràn nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀. Ẹ kọ `cleanmgr` sínú àpótí Run (èyí tí bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R ń ṣí), ẹ tẹ Clean up system files. Bí kò bá tíì tó, ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator, ẹ kọ `powercfg -h off`. Èyí ń pa fáìlì hibernate rẹ́, èyí tí Windows fi ń tọ́jú ohun tó wà nínú RAM nígbà tó bá sùn. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní RAM 4GB, nǹkan bíi 3GB ni ẹ ó rí gbà padà.

Nínú fèrèsé dúdú yẹn kan náà, ẹ kọ `wmic diskdrive get model,status`. Bí ó bá sọ Pred Fail, ẹ dáwọ́ dúró. Hard disk ń kú lọ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ gba ohun tó wà lórí rẹ̀ là.

Àwọn fáìlì, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra

Ẹ má fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn wá wọn. Internet Explorer tó bá CD wá lè má ṣí Catalog rárá. Ẹ lo kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí flash kan, kí ẹ ṣe fódà méjì, ọ̀kan fún 32-bit, ọ̀kan fún 64-bit. Ẹ̀ẹ̀kan ni dátà máa lọ, gbogbo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù á jẹ níbẹ̀. Service Pack 1 tó bíi 900MB fún 64-bit, KB3125574 (KB ni nọ́ńbà tí Microsoft fi ń dá update mọ̀; ìkẹrin ni èyí nísàlẹ̀) tó bíi 480MB, nítorí náà bí ẹ bá ní dátà òru, òun ni kí ẹ lò.

1. KB976932. Service Pack 1 nìyí, fún Build 7600 nìkan. Ó lè gba wákàtí kan.
2. KB4490628. Kékeré ni, àmọ́ òun ló ń tún ẹ̀yà Windows tó ń gba update wọlé ṣe. Ẹ restart lẹ́yìn rẹ̀.
3. KB4474419. Ó ju ẹyọ kan lọ lórí Catalog; èyí tó ní v3 nínú orúkọ fáìlì ni kí ẹ mú, ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Ẹ restart.
4. KB3125574. Òkìtì update láti ìgbà Service Pack 1 títí di oṣù Kẹrin 2016. Ẹ restart.
5. KB4536952, lẹ́yìn náà KB4534310. Èyí kejì ni àpapọ̀ tó kẹ́yìn fún gbogbo èèyàn, ti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 2020. Ẹ restart.
6. KB4539602.

Ìkejì àti ìkẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, ibẹ̀ sì ni gbogbo nǹkan ti ń dojú rú. Gbogbo update ló ní òǹtẹ̀ tí Windows fi ń mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Microsoft ló ti wá. Òǹtẹ̀ àtijọ́ ń jẹ́ SHA-1. Láàárín ọdún 2019, Microsoft bọ́ sórí SHA-2 nìkan, Windows 7 tó ti CD wá kò sì mọ SHA-2 kà lára update. KB4474419 ló ń kọ́ ọ. Láìsí i, ẹ fi KB4534310 sí i, 80092004 ni ẹ ó rí. Nígbà tó di ọdún 2020, wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń dá àwọn SHA-1 lóhùn náà, ìdí nìyẹn tí Windows 7 tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sórí kọ̀ǹpútà fi ń gbé 80072EFE jáde bó ti wù kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára tó. Ẹ má lọ bá MTN tàbí Glo jà nítorí rẹ̀.

KB4539602 tó kẹ́yìn ní ìtàn tirẹ̀. KB4534310 ní àbùkù kan: bí àwòrán ojú Desktop bá wà lórí Stretch, dúdú ni gbogbo rẹ̀ á dà. Oníbàárà á ní ẹ ti ba kọ̀ǹpútà òun jẹ́. Ẹ fi KB4539602 sí i, tàbí kí ẹ yí Stretch padà sí Fill, ó tán.

Bí ó bá ń yí ṣáá lórí "Searching for updates on this computer"

Ẹ tẹ fáìlì .msu, ìyẹn fáìlì update tí ẹ gbà láti Catalog, lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pá aláwọ̀ ewé ń lọ ń bọ̀, ìṣẹ́jú ogún kọjá, kò sí nǹkan. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ ó rí svchost.exe kan tó gba ìdajì agbára kọ̀ǹpútà. Windows Update fúnra rẹ̀ ló ń wá nǹkan lábẹ́lẹ̀, fáìlì yín sì ń dúró dè é. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ sí Control Panel, Windows Update, Change settings, ẹ yan Never check for updates, ẹ restart. Kí ẹ tó tẹ fáìlì náà padà, ẹ kọ `net stop wuauserv` nínú Command Prompt. Fáìlì á tan iṣẹ́ náà padà fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ lọ sínú Services kí ẹ yí Windows Update sí Disabled. Ẹ má dán an wò. Fáìlì .msu nílò iṣẹ́ yẹn gan-an, 80070422 ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹni tó bá sì ti rí nọ́ńbà yìí, kó wo Services, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́kọ́ tún kọ̀ǹpútà náà ṣe ti pa á kí ó má baà máa jẹ dátà.

Bí nǹkan bá ṣì ń kọ̀

Fódà tí Windows ń kó update sí lè ti dàrú, pàápàá bí iná bá ti lọ nígbà tó ń gba nǹkan wálẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan:

`net stop wuauserv`
`net stop bits`
`net stop cryptsvc`
`ren C:\Windows\SoftwareDistribution SoftwareDistribution.old`
`ren C:\Windows\System32\catroot2 catroot2.old`
`net start cryptsvc`
`net start bits`
`net start wuauserv`

Bí ren bá sọ Access is denied, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yẹn ti tan ara rẹ̀ padà. Ẹ tún pa á, kí ẹ tètè ṣe ren kó tó jí.

80070070 ni pé àyè ti tán. 8007000E ni pé RAM kò tó fún ìwákiri náà. Ó wọ́pọ̀ lórí 32-bit, fífi fáìlì sí i lọ́wọ́ bí a ṣe ṣàlàyé ló ń yanjú rẹ̀. 80073712 le díẹ̀: fáìlì Windows fúnra rẹ̀ ló ti sọnù. Ẹ ṣe `sfc /scannow`, lẹ́yìn náà ẹ gba KB947821, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí dé òpin, kí ẹ ka CheckSUR.log nínú C:\Windows\Logs\CBS. Ẹ ó rí i káàkiri pé kí ẹ lo DISM pẹ̀lú RestoreHealth. Windows 8 sókè ni ìyẹn wà fún. Lórí Windows 7, Error 87 lásán ni.

Bí Service Pack 1 bá mú 800F0A12 wá, ó sábà máa ń jẹ́ hard disk tí wọ́n clone (da gbogbo rẹ̀ kọ) láti orí òmíràn. Ẹ kọ `mountvol /E`, ẹ restart, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Iná

Òṣogbo níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, ìyẹn ò ní kí iná má lọ ní Òkè-Báálẹ̀ nígbà tí update bá dé Stage 2 of 3. Laptop, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì, UPS kékeré kò lè gbé Service Pack 1 dópin, nítorí náà ẹ tan inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ ṣáájú, kí ẹ má sì yí changeover padà sí NEPA bí iná bá dé. Ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹ fi yí i ti tó láti pa á.

Bí ó bá ti kú láàárín, tí ẹ wá rí "Failure configuring Windows updates. Reverting changes", ẹ fi í sílẹ̀, ì báà gba wákàtí kan. Bí ó bá ń tan tó ń kú láìdúró, ẹ tẹ F8 nígbà tó bá ń tan, ẹ yan Repair Your Computer, ẹ wọ Command Prompt ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ `dir C:\` kí ẹ wò ó bóyá fódà Windows wà níbẹ̀, torí lẹ́tà drive máa ń yí padà níbi yìí, ó lè ti di D. Lẹ́yìn náà:

`dism /image:C:\ /cleanup-image /revertpendingactions`

Ẹ fi lẹ́tà tó tọ́ sí ipò C. Bí Windows yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi loader (ètò tó ń tan Windows jẹ pé wọ́n ti sanwó rẹ̀) jí lò, ó lè kọ̀ láti tan lẹ́yìn KB4474419, nítorí àwọn loader kan ń fọwọ́ kan ibi tí Windows ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún irú èyí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá tí ẹ kò bá tíì kó iṣẹ́ yín kúrò.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé

Ẹ kọ `wmic qfe | find "KB4534310"`. Bí ìlà kan bá jáde, ó ti wà níbẹ̀. Chrome 109 ló kẹ́yìn fún Windows 7, Firefox 115 ESR sì ni ti Firefox. Ẹ má wá èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní wọlé.

Ẹ má fi kọ̀ǹpútà yìí wọ báǹkì, ẹ má sì tẹ NIN oníbàárà lórí rẹ̀ mọ́. Bí RAM bá tó 4GB, àwọn kan á sáré lọ sí Windows 10, àmọ́ ti òun náà parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àfikún ọdún kan péré lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni wọ́n fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Linux Mint Xfce, ètò ọ̀fẹ́ tó lè dúró ní ipò Windows, fúyẹ́ ju méjèèjì lọ. Ẹ kọ́kọ́ tan án láti orí flash láìfi í sórí hard disk, ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn, ẹ tẹ ojú ìwé kan. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò bá gbà fún un, ẹ jẹ́ kí Windows 7 máa bá ìtẹ̀wé nìkan lọ: ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ àti modem, kí iṣẹ́ máa ti orí kọ̀ǹpútà kejì wá lórí flash, kí antivirus kọ̀ǹpútà kejì sì ti yẹ flash náà wò kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.