Àṣìṣe tó ń tì wá jáde lọ́jà òkè òkun

Ẹni tó bá wọ Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rí èlùbọ́, gàrí, ẹ̀gúsí àti epo pupa lórí àtẹ bí ẹni pé Bódìjà ló wà. Owó wà níbẹ̀ fún oníṣòwò kékeré, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni bí a ṣe ń fi ọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn.

Èyí tó burú jù ni òògùn kòkòrò. Mo ti rí i rí: ẹni tó ń kó ẹ̀wà pamọ́ ṣí àpò, ó da otapiapia lé e lórí, ó rán ẹnu àpò pa, ó bá tirẹ̀ lọ. Kòkòrò kú lóòótọ́, àmọ́ májèlé kò kúrò nínú ẹ̀wà. Dichlorvos lorúkọ rẹ̀. Ìwọ̀n tí European Union fàyè gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú kílò kan. Nínú ẹ̀wà tiwa, wọ́n bá èyí tó tó 4.6. Bí wọ́n ṣe fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nìyẹn, ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un. Ẹni tí kò ta òògùn sí ẹ̀wà rẹ̀ rí náà bá wọn jìyà ẹ̀.

Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, kí ẹ dà á sínú àpò onípele mẹ́ta: ọ̀rá méjì nínú, sáákì lóde. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ di ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó le dáadáa. Kòkòrò ò ní rí èémí mí, yóò kú fúnra rẹ̀. Kí ẹ má sì tú u wò lọ́jọ́ kẹta o! Ẹ ó kàn fún wọn ní atẹ́gùn ni.

Ẹ má fi kílíṣí há àárín èlùbọ́. Ìlú Ọba kì í gba ẹran láti Nàìjíríà, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.

Ti owó ńkọ́? Ẹni tó dá náírà lé ọjà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí wọn ò san án títí di oṣù keje, mọ ohun tójú ẹ̀ rí, torí oṣù kẹfà ni náírà já wálẹ̀. Owó tó gbà pé iye, àmọ́ kò ká owó ẹrù tí wọ́n ń ṣírò ní dọ́là mọ́. Pọ́n-ùn tàbí dọ́là ni kí ẹ dá lé e, kí ẹ sì gba àsansílẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń fi èlùbọ́ tó mọ́ ránṣẹ́ fún ìtọ́wò, tó bá wá di ogún àpò, wọ́n á lú u pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òkèlè àkọ́kọ́ ni oníbàárà yóò ti gbọ́ iyanrìn lẹ́nu.