Bí Mo Ṣe Tọpa Orúkọ Ìdílé Lin Láti Kúbà Dé Henan

Orúkọ Wifredo Lam, ayàwòrán ọmọ Kúbà tí wọ́n bí ní ìlú Sagua la Grande ní ọdún 1902, ni ó mú mi wọ inú iṣẹ́ yìí. Àwa tí a máa ń ka ìtàn àwọn òrìṣà wa ní òkè òkun mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé olóòṣà Ṣàngó ni Mantonica Wilson tí ó jẹ́ ìyá ìsàmì rẹ̀, ọ̀dọ̀ obìnrin náà ni ó sì ti mọ ohun tí à ń pè ní ilé òrìṣà láti kékeré. Orúkọ Lam ní tirẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Sípéènì wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ti Áfíríkà wá. Bàbá rẹ̀, Enrique Lam-Yam, ni ó gbé e wá láti ẹkùn Guangdong ní gúúsù Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ ìdílé Lin ní Lam. Mo fẹ́ mọ ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀, ẹni tí wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, àti ọ̀nà tí ó gbà tàn kálẹ̀ dé erékùṣù tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó. Mo ti parí iṣẹ́ náà, mo sì ń kọ bí mo ṣe ṣe é síbí, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni ẹnikẹ́ni lè gbà tọpa orúkọ ìdílé Ṣáínà mìíràn.

Kúbà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1847 ni ọkọ̀ òkun Oquendo gúnlẹ̀ sí Havana pẹ̀lú àwọn lébìrà tí wọ́n kó láti Ṣáínà, nígbà tí ó sì fi máa di ọdún 1874, nǹkan bí 125,000 wọn ni wọ́n ti kó dé. Ìwé àdéhùn ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi mú wọn, owó oṣù wọn sì jẹ́ péṣò mẹ́rin, ṣùgbọ́n inú oko ìrèké kan náà tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n kó àwọn náà sí. Ìyà tí wọ́n jẹ níbẹ̀ pọ̀ débi pé ní ọdún 1874, ìjọba Ṣáínà rán Chen Lanbin àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ lọ sí Kúbà láti gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu wọn, ẹ̀rí tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ lé ní 1,000. Nígbà tí wọ́n bá ṣe ìrìbọmi fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, orúkọ Sípáníìṣì ni wọ́n máa ń fún un, orúkọ olówó rẹ̀ sì lè di orúkọ ìdílé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ka orúkọ Ṣáínà tí ó bá ṣẹ́kù ní Kúbà sí ohun iyebíye. Nínú àwọn ilé òrìṣà erékùṣù yẹn kan náà ni àwọn ènìyàn ti so Guan Gong, akọni ogun tí àwọn ará Ṣáínà ń bọ, tí wọ́n ń pè ní San Fan Con níbẹ̀, mọ́ Ṣàngó wa.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni láti rí àmì ìkọ̀wé tí orúkọ náà jẹ́ ní Ṣáínà. Iṣẹ́ yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó. Lẹ́tà A, B, D tí àwọn òyìnbó fi kọ orúkọ náà kò lè dá ìdílé kan yàtọ̀ sí òmíràn, nítorí pé àmì méjì tàbí mẹ́ta lè di Lam kan náà nígbà tí a bá fi lẹ́tà òyìnbó kọ wọ́n. Àpẹẹrẹ kan wà ní Philippines: baba ńlá José Rizal, akọni orílẹ̀-èdè náà, ni Domingo Lam-co, ẹni tí ó bá sì rí Lam nínú orúkọ yẹn lè tètè sọ ọ́ di ọmọ ìdílé Lin. Bẹ́ẹ̀, Ke ni orúkọ ìdílé ọkùnrin náà. Inú orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Lam ti jáde. Ní ti ayàwòrán wa, 林飛龍 ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Ṣáínà, nítorí náà 林 ni àmì tí mo ní láti tọpa. Igi méjì ni àmì náà, tí wọ́n dúró gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo kọ ọ́ títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n: ìlà mẹ́rin fún igi kan, ìlà mẹ́rin fún èkejì, ṣùgbọ́n ìlà tí ó gbẹ̀yìn nínú igi apá òsì gbọ́dọ̀ kúrú, kí ó lè fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀ka igi apá ọ̀tún. Igbó ni àmì náà ń sọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo ya àtẹ kan sínú ìwé, mo sì to gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pe 林 sí i. Lin ni ní èdè Mandarin. Lim ni lẹ́nu àwọn Hokkien ti gúúsù ẹkùn Fujian àti àwọn Teochew ti Chaozhou, Lam ni lẹ́nu àwọn tí ń sọ Cantonese ní Guangdong, Ling ni lẹ́nu àwọn ará ìlú Fuzhou ní Fujian. Lâm ni ní Vietnam, Im tàbí Lim ni ní Kòríà, àwọn ará Indonesia tí Dutch ṣàkóso sì ń kọ ọ́ ní Liem. Ní Japan, Hayashi ni wọ́n ń pe àmì kan náà, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń jẹ́ ẹ níbẹ̀ kò bá ìdílé Ṣáínà tan, nítorí náà mo yọ wọ́n kúrò. Bí a bá ti mọ àtẹ yìí, orúkọ fúnra rẹ̀ yóò sọ ibi tí ẹni náà ti wá fún wa: ẹni tí ń jẹ́ Lam ní Kúbà ti etíkun Guangdong wá, ẹni tí ń jẹ́ Lim ní Singapore ti gúúsù Fujian tàbí Chaozhou wá.

Ìtàn tí àwọn ìwé ìran Lin fi ń bẹ̀rẹ̀ ni ti Bi Gan. Àbúrò bàbá ọba tí ó jẹ kẹ́yìn nínú ìdílé ọba Shang ni. Ọba náà ya òǹrorò, àwọn ìjòyè sì ń bẹ̀rù láti bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Bi Gan kò yé gbà á níyànjú. Ìwé ìtàn sọ pé nígbà tí inú bí ọba, ó ní òun ti gbọ́ pé ihò méje ni ó wà nínú ọkàn ẹni mímọ́, ó sì ní kí wọ́n la àyà Bi Gan kí òun lè rí i. Confucius, ọlọ́gbọ́n Ṣáínà àtijọ́, ka Bi Gan mọ́ àwọn mẹ́ta tí ó pè ní ẹni rere ní ìgbà Shang. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀, tí oyún wà nínú rẹ̀, sá lọ sínú igbó Changlin lẹ́bàá Muye ní ẹkùn Henan, ó sì bí ọmọkùnrin sínú ihò àpáta níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1046 kí a tó bí Jésù, ọba Wu ti ìdílé ọba Zhou ṣẹ́gun Shang ní Muye. Obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ jáde sí i, ọba sì fún ọmọ náà ní orúkọ ìdílé Lin nítorí igbó tí wọ́n bí i sí, ó sì sọ ọ́ ní Jian. Ibojì Bi Gan wà ní Weihui ní Henan títí di òní, pẹ̀lú tẹ́ńpìlì tí ọba Xiaowen ti Wei Àríwá kọ́ síwájú rẹ̀ ní ọdún 494. Ní oṣù kẹrin kàlẹ́ńdà òṣùpá wọn, àwọn ọmọ Lin láti Taiwan, Malaysia àti Thailand máa ń wá forí balẹ̀ níbẹ̀.

Ìtàn náà wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n mi ò lè fi mọ síbẹ̀, mo ní láti wo bí àwọn akọ̀wé àtijọ́ ṣe gbé e. Ní ọdún 812, ìgbà ìdílé ọba Tang, Lin Bao kó ìwé ńlá kan jọ lórí orísun àwọn orúkọ ìdílé, ó sì fi ìdílé tirẹ̀ gan-an sábẹ́ Bi Gan. Nǹkan bí 350 ọdún lẹ́yìn náà, Zheng Qiao, ọ̀mọ̀wé ọmọ Putian ní Fujian, kò gba ìtàn igbó náà gbọ́. Ó ní orúkọ kì í ti irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wá ní ayé àtijọ́, àti pé Lin Kai, ọmọ ọba Ping ti Zhou, ni àwọn Lin ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orísun kẹta tún wà tí kò ṣeé jiyàn. Ọba Xiaowen tí ó kọ́ tẹ́ńpìlì Bi Gan jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Xianbei láti àríwá, ní ọdún 496 ni ó sì pàṣẹ pé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi orúkọ gígùn wọn sílẹ̀ kí wọ́n gba orúkọ Ṣáínà. Àwọn tí ń jẹ́ Qiulin di Lin lọ́jọ́ náà. Èrò tèmi ni pé ìdílé Lin kì í ṣe ọmọ bàbá kan ṣoṣo. Síbẹ̀, Bi Gan ni gbogbo wọn yàn láti máa pè ní baba, yíyàn yẹn sì jẹ́ òótọ́ kan nínú ìtàn wọn, bí ihò àpáta Changlin tilẹ̀ jẹ́ àrọ́bá.

Àríwá ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, gúúsù sì ni àwọn Lin pọ̀ sí lónìí. Ogun ni ó fà á. Ní ọdún 311, àwọn ẹ̀yà Xiongnu láti àríwá kó Luoyang tí í ṣe olú-ìlú, ìdílé ọba Jin sá lọ sí ibi tí ó di Nanjing lónìí, ó sì tún ìjọba gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 317. Àwọn ìwé ìran sọ pé Lin Lu, ìjòyè kan lára àwọn tí ó bá wọn sá, ni wọ́n fi ṣe olórí ẹkùn Jin'an, tí í ṣe Fuzhou ní Fujian, ní ọdún 325. Lin wà lára orúkọ mẹ́jọ tí àwọn ará Fujian máa ń kà pé wọ́n kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ wọn láti àríwá. Ní ìgbà Tang, Lin Pi ní Putian bí ọmọkùnrin mẹ́sàn-án, gbogbo wọn sì di olórí ẹkùn. Ẹ̀ka Jiumu, Olórí Mẹ́sàn-án, ti ibẹ̀ jáde. Láti Fuzhou kan náà ni Lin Zexu ti wá, ẹni tí ó ba àpótí ọ́píọ̀mù àwọn òyìnbó tí ó lé ní 20,000 jẹ́ ní Humen ní ọdún 1839.

Lára ẹ̀ka Jiumu ni wọ́n ka Lin Mo mọ́, ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní erékùṣù Meizhou ní Putian ní ọdún 960. Wọ́n ní kò ké nígbà tí wọ́n bí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Mo, ẹni tí ó dákẹ́. Ìtàn sọ pé bí àwọn ará ilé rẹ̀ bá wà nínú ìjì lójú òkun, ẹ̀mí rẹ̀ a jáde lọ gbà wọ́n là. Ó kú ní ọdún 987 láìlọ́kọ, àwọn apẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́. Mazu ni wọ́n ń pè é báyìí, òrìṣà òkun tí ojúbọ rẹ̀ wà ní gbogbo èbúté tí àwọn ará Fujian ti sọ̀ kalẹ̀, UNESCO sì fi ìgbàgbọ́ àti àṣà rẹ̀ sínú àkójọ ogún àṣà ìran ènìyàn ní ọdún 2009. Nígbà tí mo dé orí rẹ̀ ni ó yé mi bí orúkọ yìí ṣe rin òkun já: inú ọkọ̀ tí wọ́n gbé ère rẹ̀ sí ni àwọn Lim wọ̀ lọ sí Taiwan, Penang ní Malaysia, àti Manila.

Ní Taiwan, Lin ni ó tẹ̀ lé Chen nínú orúkọ tí ó pọ̀ jù. Àwọn ará Fujian a sì máa pa á lówe pé Chen àti Lin gba ìdajì ayé. Ní Penang, àwọn Lim kọ́ ilé pákó sórí òpó lójú omi ní èbúté Weld Quay, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ di òní. Ní Sibu ní Sarawak, tí ó wà ní Malaysia bákan náà, Ling ni ó gbilẹ̀, nítorí pé àwọn ará Fuzhou ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wong Nai Siong kó lọ tẹ̀dó síbẹ̀ ní ọdún 1901. Ní Indonesia, lẹ́yìn ọdún 1966 tí ìjọba ní kí àwọn ọmọ Ṣáínà gba orúkọ ilẹ̀ náà, Liem Sioe Liong, olówó ńlá tí wọ́n bí ní Fuqing, di Sudono Salim.

Àwòrán òkúta ibojì ni mo fi yẹ àwọn ohun tí mo kó jọ yìí wò. Nínú àwòrán ìtẹ́ òkú Bukit Brown ní Singapore, tí wọ́n ti ń sìnkú láti ọdún 1922 títí di 1973, orúkọ ìlú baba ni wọ́n máa ń gbẹ́ sí òkè òkúta, orúkọ olóògbé a wà láàárín ní àmì ńlá tí a ń kà láti òkè wá sílẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní àmì wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó bá mọ àmì díẹ̀ lè fi ibojì kan mọ ìlú, ìdílé àti ìran ẹni náà. Ohun mìíràn tí mo wá ni Xihe, orúkọ agboolé tí àwọn Lin máa ń kọ sókè ẹnu-ọ̀nà wọn. Iṣẹ́ tí oríkì orílẹ̀ ń ṣe láàárín wa ni èyí ń ṣe fún wọn: àjèjì méjì tí wọ́n bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ìbátan ni àwọn, ní àtijọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn. Mo rí i títí dé Vancouver ní Kánádà, níbi tí ẹgbẹ́ ìdílé náà ti ń jẹ́ Lim Sai Hor Kow Mock. Xihe ni Sai Hor, Jiumu ni Kow Mock.

Ìwé ìran ni mo lò kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n dáná sun ní Ṣáínà láàárín ọdún 1966 sí 1976, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ti lọ sí òkè òkun ṣẹ́kù, ilé ìkówèésí Shanghai sì ni ó ní àkójọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó pọ̀ jù lọ. Nínú wọn, ewì kan wà tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé. Ìran kọ̀ọ̀kan ń mú àmì kan nínú ewì náà fi sí orúkọ gbogbo ọmọkùnrin rẹ̀, tí a ó fi mọ ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ní ìran sí ẹnì kejì. Àwọn ọkùnrin ni ìwé wọ̀nyí ń tò. Ìyàwó a máa wọlé pẹ̀lú orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ nìkan, ọmọbìnrin kì í sì í sábà wọlé rárá. Nínú àtẹ tèmi, mo ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún Lin Mo lábẹ́ Lin Pi, mo sì kọ orúkọ rẹ̀, erékùṣù rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ méjèèjì síbẹ̀.