Mate àti Cheers: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Ará Èkó

Bàbá kan tí ó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà na fóònù rẹ̀ sí mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí n ka ohun tí oníbàárà kan kọ ránṣẹ́ láti Manchester. Ìlà kan ṣoṣo ni: “Cheers for the prices, mate.” Ojú bàbá ti le. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí ni? Ta ni ó sì sọ fún un pé mo ń mutí?” Èsì tí ó ti tẹ̀ sílẹ̀, tí ó kù díẹ̀ kí ó fi ránṣẹ́, ni pé òun kì í ṣe mate ẹnikẹ́ni, àti pé Mùsùlùmí ni òun. Ohun tí òyìnbó náà sọ kò ju pé ó dúpẹ́ fún iye owó ọjà tí bàbá kọ sí i lọ.

Àṣìṣe tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni kí á máa fi etí Èkó gbọ́ mate. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹgbẹ́ ẹni ni, ẹni tí a jọ dàgbà tàbí tí a jọ wọ ilé ìwé, àwọn kan tilẹ̀ ń fi í pe orogún, ìdí nìyẹn tí “Am I your mate?” tí a ń gbọ́ nínú dánfó láti Ojúẹlẹ́gba dé CMS fi gbóná lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà, ọ̀rẹ́ ni mate, àti ẹni tí a kò mọ̀ rí pàápàá: awakọ̀ takisí lè fi pe ẹni tí ó tó bàbá rẹ̀ í bí, kò sì sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi: láti inú èdè àwọn ará àríwá Jámánì ayé àtijọ́ ni ó ti wá, ó sì bá ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí oúnjẹ tan, èyí ni pé ẹni tí a jọ ń jẹun ni mate. Kò kan ọjọ́ orí rárá.

Ẹ má sì rò pé kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ níbẹ̀. Ní 2005, wọ́n pàṣẹ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Canberra, olú-ìlú Ọsirélíà, pé kí wọ́n yé pe àwọn ènìyàn ní mate. Ariwo tí ó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé kíákíá ni wọ́n wọ́gi lé àṣẹ náà. Ohùn ni kí ẹ fetí sí: “Listen, mate” láti ẹnu ẹni tí ó fajú ro kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, ìkìlọ̀ ni. Ẹni tí ó bá sì wọkọ̀ ní Mile 2 gba Sẹ́mẹ̀ lọ sí Accra yóò bá mate mìíràn pàdé, nítorí kọ́ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ trotro, dánfó ti àwọn ará Ghana, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un lówó ọkọ̀, ẹ má bá a jà.

Cheers ní tirẹ̀ ń kó báni nínú ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ tí ó túmọ̀ sí ojú ni ó ti ṣẹ̀, kí ó tó di ti ọ̀yàyà àti ìdùnnú. Àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń pa á mọ́ fún ìgbà tí wọ́n bá gbé ife ọtí sókè, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi dúpẹ́, wọ́n sì ń fi dágbére. Ohun tí kò jẹ́ rí ni “mo gbà, ẹ máa ṣe é lọ.” Inú kòtò yìí ni mo já sí nígbà tí mo ń tẹ káàdì ìpè síbi ayẹyẹ ní Yaba: oníbàárà kan rí àpẹẹrẹ tí mo fi ránṣẹ́, ó kọ “Cheers, will have a look,” mo sì tẹ 200. Ọpẹ́ lásán ni ó dá. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́, àwọn káàdì náà sì wà nínú páálí títí di òní.

Àwọn ọ̀dọ́ tiwa wá ń ṣe òdì-kejì rẹ̀. Wọn a fi “Cheers, mate” parí ìwé tí wọ́n kọ láti wá iṣẹ́, tàbí kí wọ́n fi dá àǹtí wọn ní Sùúrùlérè lóhùn níbi tí “Ẹ ṣé, mà” ti yẹ. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù bá tilẹ̀ kọ́kọ́ fi Cheers parí lẹ́tà tirẹ̀, ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni tí ẹ lè pè ní mate.

Ní ti bàbá Ìdúmọ̀tà, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn fún un, a pa èsì ìjà rẹ́, a sì kọ “You are welcome” dípò rẹ̀. Mo ní ṣé kí á fi mate kún un. Ó ní rárá, òun kò tíì bá a jẹun.