Bí mo ṣe ka àmì-ẹ̀yẹ júdò ilẹ̀ Faransé

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti ìwé kan tí mo fa ìlà sí: ọdún, wúrà, fàdákà, idẹ. Mo fẹ́ mọ ohun tí àjọ júdò ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1946, ti kó bọ̀ láti Òlíńpíìkì. Teddy Riner, ajàjúdò ilẹ̀ Faransé, ni gbogbo ẹnu ń pè, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí, mo sì fẹ́ rí àwọn ọwọ́ yòókù.

Tokyo 1964 ni júdò kọ́kọ́ wọ Òlíńpíìkì. Wọn kò ṣe é ní 1968, ó sì padà ní Munich 1972, níbi tí Faransé ti gba idẹ mẹ́ta, èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣi iṣẹ́ ṣe. Mo rí Angelo Parisi lára àwọn tó gba idẹ lọ́dún náà, mo bá kọ ọ́ mọ́ ti Faransé, torí mo mọ̀ pé òun ló gba wúrà fún wọn ní Moscow 1980. Àṣé abẹ́ àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti jà ní Munich. Mo pa á rẹ́. Láti ìgbà náà, mo ń wo orílẹ̀-èdè kí n tó wo orúkọ.

Athens 2004 kò gbà mí lákòókò rárá: fàdákà kan péré, ti Frédérique Jossinet.

Paris 2024 ló yọ mí lẹ́nu jù. Mo ka àmì-ẹ̀yẹ Faransé, ó jẹ́ 14. Ara mi ò gbà á. Ìdíje 14 ló wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara wọn, méje fún ọkùnrin, méje fún obìnrin, ìdíje ẹgbẹ́ tọkùnrin-tobìnrin ló mú un di 15. Idẹ méjì-méjì ni wọ́n ń fún nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àmì-ẹ̀yẹ tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 60. Nígbà tí mo ro ti gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, 64 ló ń fò jáde. Mo tún un yẹ̀ wò láti òkè délẹ̀, ni mo bá rí i pé wúrà ẹgbẹ́, tó jẹ́ ẹyọ kan, ni mo kọ síwájú márùn-ún nínú àwọn tó jà fún ẹgbẹ́ náà, Riner, Agbégnénou, Dicko, Cysique àti Gaba, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yọ mẹ́rin kúrò. Ó ku 10: wúrà 2, fàdákà 2, idẹ 6.

Wúrà ẹgbẹ́ yẹn gan-an, Japan ti ń fi 3 sí 1 lé iwájú. Gaba borí Hifumi Abe, Cysique sọ ọ́ di 3 sí 3, wọ́n wá ṣẹ́ kèké lójú amóhùnmáwòrán láti mọ ìwọ̀n tí yóò jà kẹ́yìn. Ó dúró lórí àwọn tó ju kílò 90 lọ. Riner jáde, ó sì fi ippon, ìyẹn àmì tó ń parí ìjà lójú ẹsẹ̀, borí Tatsuru Saito. Ìdùnnú bá mi fún Riner, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò kúrò lára àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀.

Mo wá yọ ti ẹgbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ka ti ẹnì kọ̀ọ̀kan láti London 2012 dé Paris: 7, 5, 7, 9. Àpapọ̀ 28. Riner mú 4 níbẹ̀. Àwọn obìnrin mú 18.

Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Ni mo bá ṣí ojú ewé tuntun fún àwọn obìnrin nìkan. Cécile Nowak àti Catherine Fleury ló wà lókè pátápátá, àwọn tó gba wúrà ní Barcelona 1992, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n ka júdò obìnrin mọ́ ìdíje gidi.